Ọ̀rọ̀ Líle Kọ́ Ni Ìjìnlẹ̀

Kò tọ́ kí àwa olùkọ́ máa bu máàkì fún ewì kìkì nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ to ọ̀rọ̀ àtijọ́ jọ sínú rẹ̀ bí igi ìdáná. Ẹ wo ewì tí J. F. Ọdúnjọ (1904–1980) kọ fún ọmọdé lórí iṣẹ́: ‘iṣẹ́’ àti ‘ìṣẹ́’ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohùn àárín ni fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti èkejì. Ìyàtọ̀ bíńtín yìí ni ó gbé ọgbọ́n ewì náà ró. Ọmọdé gbọ́ ọ, àgbà kò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ibẹ̀ ni ewì wà. Ọ̀rọ̀ tí akéwì fúnra rẹ̀ kò lè túmọ̀, ariwo lásán ni.