Ṣé Ìgbà Tó Bá Kú La Ó Tó Dá Aṣọ?

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ara wa ló bá wí. Ọ̀kan nínú àwọn aláta wa kò ṣí ìsọ̀ rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A rò pé ó rìnrìn àjò ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Kò tíì sọ̀rọ̀, bí a pè é kì í wojú ẹni, ìdérí ìgò ló máa ń tò lọ rẹrẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ̀rọ ata bá ti dún báyìí, á di etí méjèèjì, á máa ké.

Kí la wá ṣe? A fa àwọn ọmọ tiwa sẹ́yìn. Àwọn kan ní emèrè ni. Àwọn kan ní ìyá ẹ̀ ló ta ohùn ọmọ nítorí owó, torí pé ọjà ẹ̀ ń tà. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí gbọ́ ọ, a rẹ́rìn-ín, a ò wí nǹkan kan. Ẹ̀bi wa ni.

Nígbà tí àwa mẹ́ta lọ wò ó nílé, a bá a lórí ẹní. Ó ní ọmọ kì í sùn lóru, òun náà kì í sùn. Ó ní àwọn ará ilé ọkọ ti ní kí òun kó ẹrù òun. Ó ní nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe òun bíi kí òun sùn kí òun má jí mọ́. Ẹ̀rù bà wá. Ó gbà kí a kọ ọ́, láì dárúkọ òun.

Ó fi ìwé dókítà hàn wá, abẹ́ ẹní ló tọ́jú ẹ̀ sí. Ọ́tísíìmù ni wọ́n pè é. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà láti inú oyún ló yàtọ̀. Kì í ràn, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìyá ló fà á. Ní 1943 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Leo Kanner, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, òyìnbó pàápàá ṣe irú àṣìṣe tí à ń ṣe yìí: àwọn dókítà kan ní ìyá tí kò fa ọmọ mọ́ra ló fà á. Ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn ni ọ̀pọ̀ ìyá gbé sọ́kàn. Ní 1964 ni Bernard Rimland, tí òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kọ ìwé tó já irọ́ náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jáwọ́. Kí ló dé tí àwa ò ní jáwọ́?

Ohun tó ń ṣe ìyá yìí, àárẹ̀ ọkàn ni. Bí ibà ṣe ń mú ara, bẹ́ẹ̀ ni àìsùn àti ẹ̀gàn ń mú ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ sí Àrò l'Abẹ́òkúta. Níbẹ̀, láti nǹkan bí 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò ní kí aláìsàn mú ẹbí kan dání, kí wọ́n máa gbé láàárín ará abúlé, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan ò tó, èèyàn laṣọ.

Ẹlòmíràn á ní kálukú ló ní ẹrù tó ń rù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan nínú wa bá kú, ẹgbẹ́ á dáwó, ẹgbẹ́ á dá aṣọ, a ó jó. Ṣé ìgbà tó bá kú la ó tó dá aṣọ fún un?

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Kí á pín ọjọ́ mọ́ra wa lọ́wọ́, kí á máa bá a ta ọjà ẹ̀, kí owó ẹ̀ sì pé. Kí ẹnìkan máa bá a mú ọmọ fún wákàtí méjì lójúmọ́, kó lè sùn. Kí ẹgbẹ́ yọ owó ọkọ̀ tí òun àti ọmọ á fi lọ rí dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má de ọmọ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má febi pa á. Bí ìyá bá tún dárúkọ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Lékè gbogbo ẹ̀, kí á kó ìjánu sí ẹnu wa.

Àwa ti mú Ọjọ́ Ajé. Ta ló máa mú Ọjọ́ Ìṣẹ́gun?