Aláboyún, Ẹ Má Dúró Dìgbà tí Ọrùn Bá Wú

Láti ọdún 1993 tí ìjọba ti ní kí wọ́n máa fi áyódìn sí iyọ̀ nílẹ̀ wa ni gẹ̀gẹ̀ ti ń dínkù. Ṣùgbọ́n táírọ́ìdì, ẹran iwájú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lára aláboyún láìwú rárá. Bẹ́ẹ̀ omi ara tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ọpọlọ ọmọ inú fi ń dàgbà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH ló ń fi í hàn. Oògùn rẹ̀ sì wà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo aláboyún ni wọ́n ń ṣe é fún, ọ̀pọ̀ obìnrin wa kì í sì í forúkọ sílẹ̀ àfi tí oyún bá pé oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tí gẹ̀gẹ̀ bá ti ṣe rí, tàbí tó ṣe ìyá rẹ̀, kó tètè wí fún nọ́ọ̀sì kí ikùn tó yọ.