Ológbò Bengal: ṣé àjẹ́ ni, àbí kò rí nǹkan ṣe ni?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí a bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ ká dá a dúró ná, nítorí ìpè kan tí mo gbà lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbà mí o. Ológbò tá a rà fáwọn ọmọ ti ha èyí àbúrò lọ́wọ́, ó tún gé e jẹ. Ó ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wa, ó ń ké lóru bí ọmọ ìkókó, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀. Bàbá wọn ní kì í ṣe ojú lásán, àjẹ́ ni, pé tó bá di Sátidé òun máa gbé e jù síbi tó jìnnà. Ọmọ náà sì ti ní òun ò ní jẹun mọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ."

Ọwọ́ ọmọ ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ibi tí ológbò bá gé jẹ. Eyín ẹ̀ rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó máa ń wọlé jìnnà, ojú ẹ̀ á sì tètè pa dé mọ́ kòkòrò àrùn nínú. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ ọwọ́. Nàìjíríà níbí, ẹ tún ro ti dìgbòlugi mọ́ ọn, kì í ṣe ajá nìkan ló ń kó o ranni.

Nígbà tó sọ fún mi pé dókítà ti rí ọmọ, mo wá béèrè irú ológbò tó jẹ́. Ó ní Bengal ni, èyí tí awọ ẹ̀ ní tóótòòtó bíi ti àmọ̀tẹ́kùn. Mo ní, "Ó yé mi wàyí."

Ológbò igbó kékeré kan wà nílẹ̀ Éṣíà, òun ni wọ́n mú mọ́ ológbò ilé kí Bengal tó jáde. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jean Mill, ló ṣiṣẹ́ náà jù. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ó tún padà sídìí ẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ TICA sì gbà á wọlé lọ́dún 1986. Àwọn tí wọ́n ń tà fún ilé lónìí ti jìnnà sí ìyá ńlá wọn tinú igbó. Kò burú, kì í sì í ṣe ẹranko ẹhànnà. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀ kì í balẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa gun òkè, orí wọ́dúróòbù ni àga ẹ̀. Ó máa ń fọwọ́ gbá omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó gbọ́n débi pé bó bá ti wo bí ẹ ṣe ń tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn, òun náà á tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ sì máa ń ròkè. Àwọn kan á tiẹ̀ máa sáré gbé nǹkan tẹ́ ẹ jù wá fún yín, bí ajá.

Mo bi ọmọ wa pé, "Ta ló ń bá a ṣeré?" Kò fọhùn. Iṣẹ́ alẹ́ lòun ń ṣe nílé ìtọ́jú arúgbó, ọkọ ẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ wà níléèwé. Inú yàrá kan ni ológbò wà látàárọ̀. Nígbà tí ọmọ bá dé, ọwọ́ lásán ló fi ń bá a jà. Ẹ rí i bí ọwọ́ ṣe di ẹran ọdẹ?

Ti ìtọ̀ yẹn, dókítà ẹranko ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rí, torí inú àpò ìtọ̀ lè máa dùn ún. Akọ tó bá ń tiraka tí ìtọ̀ ò sì jáde, kí wọ́n má dúró dọ̀la, ó lè kú. Tí ara ẹ̀ bá yá, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá? Wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́! Akọ tí wọn ò tẹ̀ a máa tọ̀ káàkiri. Ẹ tún máa kó abọ́ ìgbẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́. Aboyún ni kó má fọwọ́ kan án, kòkòrò inú ìgbẹ́ yẹn lè ba oyún jẹ́.

Mo ní kí wọ́n so ìyẹ́ mọ́ ọ̀pá, kí wọ́n fi bá a ṣeré fún ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, kí wọ́n tún ṣe é kí wọ́n tó sùn, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Tó bá ti sáré tó sì yó, oorun ló kàn. Kí wọ́n kan pákó mọ́ ògiri tó lè máa gùn. Kí ẹnikẹ́ni má lù ú, lílù á sọ ọ́ di oníbẹ̀rù tó ń gé èèyàn jẹ.

Mo ní kó gbé fóònù fún ọkọ ẹ̀. Ọmọ Yorùbá lèmi náà, mo mọ ohun táwọn àgbà wa ń sọ nípa ológbò tó bá ń ké lóru. Mi ò bá a jiyàn lórí àjẹ́. Mo kàn rán an létí pé òfin ọ̀hún ò fàyè gba kéèyàn lọ ju ẹran ọ̀sìn nù, àti pé láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ó ti di dandan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ológbò ní ẹ̀rọ tó kéré bíi hóró ìrẹsì lábẹ́ awọ, tí nọ́ńbà inú ẹ̀ á tọ́ka sí ẹni tó ni ín. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì."

Sátidé ti kọjá, ológbò ṣì wà nílé. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, bàbá ti kan pákó méjì, ọmọ sì ń jẹun. Igbe òru ò tíì tán o. Oṣù méjì ni mo ní kí wọ́n fi wò ó. Tí àyè ò bá gbà wọ́n láti máa bá a ṣeré, kí wọ́n wá ilé tí èèyàn máa ń wà lọ́sàn-án, kí wọ́n gbé e fún wọn.