Ìmẹ́lẹ́ kọ́ ló ń dá àga orí wáyà dúró

Sí Olóòtú,

Nínú àpilẹ̀kọ yín lórí ìsinmi ìgbà òtútù ní Amẹ́ríkà, òǹkọ̀wé yín sọ pé ìmẹ́lẹ́ ló ń mú kí àwọn òṣìṣẹ́ òkè síkì, níbi tí èèyàn ti ń yọ̀ lórí yìnyín, dá àga orí wáyà tó ń gbé èrò gun òkè dúró bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Atẹ́gùn tó dà bí ohun yẹpẹrẹ nísàlẹ̀ lè jẹ́ ìjì lókè. Bó bá ti àga láti ẹ̀gbẹ́, wáyà lè yọ kúrò lórí àwọn kẹ̀kẹ́ tó gbé e dúró lára òpó. Ní Sugarloaf, ìpínlẹ̀ Maine, lọ́jọ́ 28 oṣù Kejìlá, 2010, wáyà yọ nígbà tí ìjì ń jà, àwọn àga kan já lulẹ̀ tèròtèrò, èèyàn 8 sì fara pa.

Àwọn tí ẹ pè ní ọ̀lẹ yìí ló ń gun òpó nínú òtútù kí èrò tó dé, tí wọ́n ń gbá yìnyín kúrò lára kẹ̀kẹ́. Àwọn náà ló ń yẹ bíréèkì wò, tí wọ́n sì ń dán ẹ́ńjìnnì àtìlẹ́yìn wò, èyí tí wọ́n ń fi kó èrò sọ̀ bí iná bá lọ.

Bó bá jẹ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń dun òǹkọ̀wé yín, kó bi ilé-iṣẹ́ tó gbà á. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kó má ṣe kọ́ òǹkàwé láti máa fúngun mọ́ òṣìṣẹ́ tó ní kí àga dúró. Owó ṣeé dá padà, ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Òǹkàwé yín,
Denver, Colorado