Orúnkún Tó Ń Yẹ̀ Léraléra: Ìdílé Ló Yẹ Kí Dókítà Yẹ̀ Wò

Bí ọmọrí orúnkún bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí pápá bọ́ọ̀lù, ìṣubú lè jẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún yẹ̀ nígbà tí ọmọ kàn ṣẹ́rí padà láti jẹ́ ìpè, ibòmíràn ló yẹ kí wọ́n ti wá ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbọ́ nílé ni pé kì í fara balẹ̀, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Wọ́n ń ṣe àìtọ́ sí i.

Ní ìsàlẹ̀ egungun itan ni kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ọmọrí náà ń gbà lọ sókè sódò. Àwọn kan wà tí a bí kòtò tí kò jìn mọ́ wọn. Henri Dejour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lyon, ilẹ̀ Faransé, kà á mọ́ olórí ohun tó ń fa ìyẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994. Ẹni tó ń to egungun lè dá ọmọrí padà sáyè, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ gbẹ́ kòtò náà jìn.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo orúnkún tó ń yẹ̀ ni jíìnì àjogúnbá kan ṣoṣo ń fà. Àmọ́ èyí tí ó dájú wà: nail-patella syndrome, àìsàn àjogúnbá tó ń kan èékánná àti ọmọrí orúnkún. Láti 1998 ni a ti mọ jíìnì rẹ̀, LMX1B. Àwọn Yorùbá tó ń béèrè jẹnotáìpù kí wọ́n tó ṣègbéyàwó mọ̀ pé bàbá àti ìyá ló ń pawọ́ pọ̀ bí ọmọ SS. Ti èyí yàtọ̀: òbí kan ṣoṣo tó ní in tó, ìdajì ìdajì sì ni ìṣeéṣe pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jogún rẹ̀.

Ojú lásán lè rí àmì rẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò lè kéré, kó sán, tàbí kó má sí rárá. Funfun ìdí rẹ̀, tó máa ń tẹ̀ kọrọdọ, a di onígun mẹ́ta. Ìgúnpá lè má nà tán. Èyí tó burú jù kò hàn síta: kíndìnrín lè máa jo purotéènì sínú ìtọ̀ títí tí yóò fi daṣẹ́ sílẹ̀, ojú náà sì lè ní gìlókómà.

Kí dókítà tí wọ́n bá gbé orúnkún tó yẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì wá bá wo àtàǹpàkò ọmọ náà, kó béèrè nípa òbí àti àbúrò, kó sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.