Ohùn tó ń gbọ́ ti dákẹ́, kí ló dé tí ṣéńjì ṣì ń dà á lórí rú?

Ẹni tó bá ní aláìsàn ọpọlọ nílé, ní Sanson tàbí ní abúlé mìíràn lágbègbè Tchaourou, á mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Oògùn ti ṣiṣẹ́: aláìsàn náà kò gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ mọ́, kò sì sá wọ igbó mọ́. Síbẹ̀, bí a bá rán an níṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ni yóò jẹ́. Bí oníbàárà bá fún un ní 1,000 sẹ́fà, ṣéńjì á dà á lórí rú. Làwọn ará ilé á bá ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ẹni tó sà sí i kò tíì tú u sílẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia yìí ń ṣe nǹkan bí ẹnì kan nínú 300 ènìyàn láyé, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ. Àwọn onímọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ọpọlọ rí i pé ọ̀nà tó so apá kan ọpọlọ mọ́ èkejì kì í já geere lára ọ̀pọ̀ aláìsàn náà.

Ẹ wò ó báyìí: iṣu wà lóko ní Sanson, oníbàárà wà ní Parakou, ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Iṣu kò ní tètè dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyè inú, ìfọkànsí àti ìṣirò ṣe ń falẹ̀ fún un.

Oògùn tó wà báyìí ń pa ohùn náà lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ tún ọ̀nà yìí ṣe. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ará ilé á ní oògùn kò wúlò, wọn á dá a dúró, àìsàn á sì padà wá. Àwọn mìíràn á mú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kò tún ọ̀nà ṣe rí.

Ohun tó ń ran oògùn lọ́wọ́ ni ẹbí àti iṣẹ́. Ní 1954, Dókítà Lambo ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn àti ẹbí wọn sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Lónìí, Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ti ń tún táyà ṣe rí, ń já ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn, ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint-Camille, sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́.

Nílé, ẹ rán an níṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe iṣẹ́ kan náà ní àkókò kan náà. Kí ẹnì kan bá a ka owó, láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ti ìjọba náà kù. Ilé ìwòsàn ńlá Borgou ní Parakou ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí yóò máa wọ ọkọ̀ lọ gba oògùn níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ kan ni yóò rẹ̀ ẹ́. Kí oògùn náà sún mọ́ abúlé, kí ẹbí má sì jáwọ́: bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀.