Ọkọ̀ Rọ́bà Aláfẹ́fẹ́: Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará mi òṣìṣẹ́, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń dáwó jọ láti ra ọkọ̀ rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí wọn yóò máa fi pẹja lódò Ògùn. Ó dára, ó fúyẹ́, ó sì ṣeé ká gbé wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọlọ́jà léèrè: ọ̀nà mélòó ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ pín sí? Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ dá a padà fún un. Òkúta odò wa l'Abẹ́òkúta lè ya á. Ìwọ̀ ẹja lásán lè lu ú. Èyí tó ní àpò gígùn méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìjókòó wà láàárín, ni kí ẹ rà. Bí ọ̀kan bá jò, èkejì yóò gbé yín dé etí odò. Ẹ má fẹ́ ẹ le koko kí ẹ wá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn (ẹ̀yin awakọ̀ ṣáà mọ ìṣe táyà). Bí owó kò bá tó ra ọkọ̀ àti ẹ̀wù amúniléfòó pọ̀, ẹ̀wù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Nígbà tí wọ́n bá sì ṣí omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, ẹ jókòó sílé.